Bí ìgbìmọ̀ ará àdúgbò ṣe lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé

Ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilé gbígbé ní àdúgbò wa l'Ékòó, lẹ́tà olójú ewé kan péré ni káńsù fún wa. Wọ́n ní ká "wo ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ní agbègbè yìí, ká sì mú àbá wá". Lẹ́tà ò sọ ọjọ́ tí a máa parí. Kò sọ ẹni tó máa san owó fọ́tókọ́pì. Kò sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi àbá náà ṣe bó bá dé ọwọ́ wọn. Inú wa ń dùn ṣáá, a ya fọ́tò, a mu mínírà. Ó di oṣù kẹta ká tó rí i pé a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun tí ǹ bá fẹ́ kẹ́nì kan sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni mò ń kọ síbí. Bí ẹ ò bá ní í ka ìyókù, ẹ mú èyí lọ: ẹ ka ilé kí ẹ tó kọ àbá, kí ayálégbé sì wà lára àwọn tó ń kà á. Èkó ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, torí òfin ibẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹni tó wà n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta lè tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, àmọ́ kó wá òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀ kó tó la ẹnu sọ fún lánlọ́ọ̀dù kankan pé ó rúfin.

Ta ló jókòó?

L'Ékòó, bí káńsù bá fẹ́ bá àdúgbò sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA tí gbogbo wa mọ̀, ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Kò burú. Àmọ́ púpọ̀ nínú CDA yìí, ẹgbẹ́ onílé ni wọ́n tẹ́lẹ̀, títí dòní sì ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ń rò pé ìpàdé àwọn bàbá onílé ni. Bí wọ́n bá wá ní kí CDA mú ènìyàn mọ́kànlá wá, lánlọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án, éjẹ́ńtì kan àti pásítọ̀ kan ló máa dé. Tiwa rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní ìpàdé kìíní, ọ̀rọ̀ owó ilé ò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi di ọ̀rọ̀ géètì àti owó ọlọ́dẹ.

A tú u ká, a tún un tò. Kèké la ṣẹ́. A kọ nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan sórí bébà, a ká wọn, a kó wọn sínú abọ́ tí ìyá alátẹ kan yá wa, a ní kí ọmọ ilé ìwé kan fa mẹ́fà yọ lójú gbogbo ènìyàn. Ilé tí kèké bá mú, àwọn ayálégbé inú rẹ̀ ló máa yan ẹni tó máa wá. Lánlọ́ọ̀dù ilé náà ò lóhùn sí i. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀ o. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Ireland gbé àpéjọ àwọn ará ìlú kalẹ̀ ní 2016, irú ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ṣa ènìyàn 99. Àǹfààní kèké ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọ alága ni wọ́n mú.

Mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ayálégbé mẹ́fà, onílé mẹ́rin, bíríkìlà tàbí púlọ́ńbà kan tó mọ ohun tí ilé ń jẹ, ẹnì kan láti ọjà, ọ̀dọ́ kan tó lè lo kọ̀ǹpútà, àti éjẹ́ńtì kan. Ẹ rí i pé ìdajì wọn jẹ́ obìnrin, torí obìnrin ló sábà máa ń mọ iye ènìyàn tó ń pín balùwẹ̀ kan lò.

Ọ̀rọ̀ éjẹ́ńtì yẹn dá awuyewuye sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan ní báwo la ṣe máa pe ológbò wá síbi tí eku ti ń ṣèpàdé. Èmi ò gbà fún wọn. Éjẹ́ńtì ló mọ ilé tó ṣófo, òun ló mọ iye tí wọ́n ń gbà gan-an yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń kọ, ó sì sàn kó jókòó síbi tí ojú yín ti tó o ju kó máa gbọ́ ìròyìn yín lẹ́yìn lọ. Àmọ́ kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ pátá, kì í ṣe òun nìkan, dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n sọ iye ilé tí wọ́n ní, ilé tí wọ́n ń bá ẹlòmíì bójú tó, ilé tí wọ́n ń gbé àti ẹni tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí kálukú sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ilé bàbá ẹnì kan bá délẹ̀, ẹ ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ta.

Ẹni tó ń múra láti du ipò kánsẹ́lọ̀ ò gbọdọ̀ ṣe alága. Mi ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ibi tí agbára káńsù mọ

Àbá àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ wa kọ ni pé "kí káńsù fi òfin dá owó ilé dúró fún ọdún méjì". Lọ́yà káńsù fi ìlà méjì dá a padà: kì í ṣe iṣẹ́ wa. Òótọ́ ló sì sọ. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nínú èyí tó kan ilé, ẹ óò rí fífún òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé, títọ́jú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, kíkó ìdọ̀tí àti omi ẹ̀gbin, ṣíṣe títì kéékèèké àti gọ́tà, àti dídíyelé ilé aládàáni fún owó tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀.

Òfin owó ilé àti ti kúìtì nótíìsì, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì ti fi ilẹ̀ inú ìlú ńlá sábẹ́ gómìnà. Ìwé àṣẹ láti kọ́lé, ọwọ́ àjọ ìpínlẹ̀ ló ti ń wá. Ilé tó ń sán, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sí lára, LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ni wọ́n ń ké sí. Ẹ fa ìlà sí àárín bébà kan. Apá kan, ohun tí káńsù lè ṣe fúnra rẹ̀. Apá kejì, ohun tí wọ́n lè bá yín kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹ lẹ bébà yẹn mọ́ ara ògiri níbi tí ẹ ti ń ṣèpàdé. Ó máa gbà yín lọ́wọ́ àríyànjiyàn púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ padà sọ́dọ̀ káńsù lórí lẹ́tà tí wọ́n fún yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìparí sí i (oṣù mẹ́fà tó), orúkọ ọ́fíìsì tí ẹ óò máa jábọ̀ fún, ẹni tó ń gbọ́ bùkátà fọ́tókọ́pì àti owó ọkọ̀, àti ìlérí pé wọ́n á fèsì sí àbá yín ní kíkọ, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ti ìkẹyìn yìí sílẹ̀, ẹ ti mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín nìyẹn.

Ìpàdé gbogbo àdúgbò

Ẹ má ṣe é nínú ọgbà ilé alága CDA. Ayálégbé ò ní í lanu níbẹ̀. Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dára, kánópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà dára. Sátidé ò dára, òde àríyá ti gbà á. Ọjọ́ Àìkú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la fi sí, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti dé, àwọn ọlọ́jà ò tíì sùn. Ẹ rántí pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń yálé gbé l'Ékòó. Bí àwọn Ìgbò, Hausa tàbí Ègùn bá wà láàárín yín, ẹ wá ẹni tó máa bá wọn túmọ̀, kí wọ́n má baà jókòó bí ẹni tó ń wo sinimá.

Ìpàdé wa kìíní lẹ́yìn tí a tún ìgbìmọ̀ tò fẹ́ dìjà. Bàbá kan ní àwọn ayálégbé ò mọ iye tí símẹ́ńtì ti dà. Ọmọkùnrin kan dá a lóhùn pé símẹ́ńtì wo ni bàbá rà láti ọdún tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ariwo sọ. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ wá dìde lẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀ sókè rárá, ó tú ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì. Rìsíìtì ló kún inú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá. Ó ń tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to ẹja sórí àtẹ, àwọn ti ìsàlẹ̀ ti ṣá débi pé ẹ ó gbé wọn sókè sí oòrùn kí ẹ tó rí òǹkà. Ibi tó tò wọ́n dé, lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé ti dorí bo tábìlì. Ìgbà tí a rí i pé ó ti san owó agírímẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì lórí yàrá kan náà, bàbá tó sọ̀rọ̀ símẹ́ńtì ló kọ́kọ́ ní, "Èyí ò dáa o."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìpàdé tí a pè tí a ò ní fi kún un pé: ẹ mú rìsíìtì yín wá. Ẹni tí kò bá ní rìsíìtì, ìyẹn náà jẹ́ ìròyìn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kíka ilé

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí. A ò mọ̀ ọ́n. Olúkúlùkù mọ ilé tirẹ̀ àti ilé àbúrò rẹ̀, ó tán.

Ẹ pín òpópónà. Ẹni méjì méjì ni kó máa lọ, ayálégbé kan àti onílé kan, kí wọ́n má sì ka òpópónà tí àwọn fúnra wọn ń gbé. Ọgọ́rùn-ún ilé ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ilé kan fún ojú ewé kan. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má gba nọ́ńbà fóònù. Ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì, bíi A1, A2, kí ìwé tó sọ ilé tí A1 jẹ́ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ohun tí ẹ óò bèèrè ò pọ̀. Yàrá mélòó ló wà nínú ilé, ènìyàn mélòó ló ń sùn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan? Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, UN-Habitat, ní bí ènìyàn bá ti ju mẹ́ta lọ nínú yàrá kan, àyè ò tó nìyẹn. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìwọ̀n yín. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì mélòó, balùwẹ̀ mélòó, kìṣínì ńkọ́? Omi wá láti ibo? Ṣé omi òjò máa ń wọlé, ó sì máa ń tó ibo lára ògiri? Èló ni owó ilé lọ́dún tó kọjá, èló ni báyìí? Ọdún mélòó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní ìbẹ̀rẹ̀? Kí ni wọ́n tún gbà yàtọ̀ sí owó ilé? Ṣé yàrá kan wà tó ṣófo, láti ìgbà wo? Fún onílé: èló lẹ ná lórí àtúnṣe lọ́dún tó kọjá, ayálégbé mélòó ló jẹ yín lówó, ó ti tó oṣù mélòó?

Bí wọ́n bá ti dáhùn, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fojú rí i. A dé ilé olójúlé méjìlá kan, irú èyí tí ilẹ̀kùn yàrá dojú kọra wọn lọ́tùn-ún lósì. Onílé ní balùwẹ̀ mẹ́rin ló wà. Òótọ́ ni, mẹ́rin ló kọ́. A ṣí méjì nínú rẹ̀, àpò símẹ́ńtì àti táyà àlòkù ló kún ibẹ̀ dé àjà. Ọ̀kan nínú méjì tó kù, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, ti bàbá fúnra wọn ni. Púlọ́ńbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ wa ní ká padà wá ní ìdájí. Aago márùn-ún ààbọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló tò sílẹ̀ níwájú balùwẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n fi ṣálúbàtà gba àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì jí. Nígbà tí a ka bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá yẹn létí káńsù, kò sẹ́ni tó bèèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lórí owó, ẹ ya ohun gbogbo sọ́tọ̀. Ká ní ẹnì kan ní owó ilé òun jẹ́ 400,000 náírà. Ẹ bèèrè ti agírímẹ́ǹtì: 60,000. Kọmíṣọ́ọ̀nù éjẹ́ńtì: 60,000. Owó kọ́ọ̀ṣọ̀n tí wọ́n ní àwọn á dá padà: 50,000. Ẹni yẹn ti san 570,000 kó tó gbé ẹní wọlé. Ẹ wá fi wé ohun tó ń wọlé fún un. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 70,000 náírà, ìyẹn 840,000 lọ́dún. Bí ẹ bá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ṣe ìwọ̀n ohun tó yẹ kí ilé gbà lọ́wọ́ ènìyàn, bí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ṣe máa ń ṣe, 252,000 ni agbára ẹni náà ká. Ìṣirò yìí ò gbọ́dọ̀ ní ìbínú nínú. Ẹ ṣe é lójú onílé, kí òun náà ṣe tirẹ̀: owó páànù, owó ọ̀dà, owó kíkó ṣálángá. Àwa rí onílé tí àtúnṣe jẹ owó ilé ọdún kan tán, a kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn. Ayálégbé ń bẹ̀rù pé bí lánlọ́ọ̀dù bá gbọ́, nótíìsì ló kàn. Onílé ń bẹ̀rù pé ìwé yín máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé. Ẹ sọ fún àwọn méjèèjì pé ìwé tó ní àmì ilé nìkan ló máa jáde, kí ẹ sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí káńsù bá ní àwọn fẹ́ gba ìwé gan-an, iye àròpọ̀ ni kí ẹ fún wọn. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè mú ìlérí yìí ṣẹ, ẹ má ṣe é rárá.

Ẹ ka òfin sókè

Kì í ṣe ẹ̀dà tí wọ́n sọ lórí rédíò o, òfin gan-an. Òfin ìyálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, 2011, ò gùn. Kí lọ́yà kan tàbí akẹ́kọ̀ọ́ òfin bá yín fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpàdé kan, abala kan tẹ̀ lé òmíràn.

Òfin náà ò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà. Ní ibi tó kù, onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀, tó bá jẹ́ olóṣooṣù, onílé ò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀; tó bá jẹ́ ọlọ́dọọdún, ọdún kan. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jẹ̀bi: ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Abala tó ní ẹni tó san án náà jẹ̀bi yìí, ọ̀pọ̀ ayálégbé ni kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹni tó san ọdún méjì lè kó bá ara rẹ̀ bó bá lọ fẹjọ́ sùn. Dandan ni rìsíìtì. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, nótíìsì ọlọ́dọọdún jẹ́ oṣù mẹ́fà, olóṣooṣù jẹ́ oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, nótíìsì ọjọ́ méje pé onílé fẹ́ lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan ló lè ní kí ènìyàn jáde. Yíyọ páànù orí ilé, kíkan ilẹ̀kùn pa, kíkó ẹrù síta, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òfin yìí.

Onílé náà ní tirẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má fò ó. Ayálégbé olóṣooṣù tó bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn rẹ̀ ti parí. Bí onílé bá fi gbèsè náà hàn ní kóòtù, kóòtù á gba ilé fún un pẹ̀lú owó tó jẹ. Ìgbà tí a ka ibi yìí, àwọn bàbá tó dijú pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bá wa rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àbádòfin tuntun lórí ìyálégbé ti dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ní 2025. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ìwé kankan jáde, ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì aṣòfin agbègbè yín ibi tí wọ́n bá a dé. Kí ẹ sì fi àdírẹ́sì ibùdó ìlàjà ìjọba Èkó, CMC, àti ti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú, OPD, sí ẹ̀yìn ìwé pélébé tí ẹ bá ń pín. Wọn kì í gba owó. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí àwọn èèyàn gbé wá bá ìgbìmọ̀ wa, ibẹ̀ ló yẹ kó lọ, àwa ò kì í ṣe kóòtù.

Bí ọ̀rọ̀ wíwó ilé bá yọjú

Ó máa yọjú, pàápàá bí àdúgbò yín bá wà nítòsí omi tàbí títì ńlá. Ẹ má fi ìkánjú dáhùn. L'Ékòó yìí, ní 1955, LEDB, àjọ ìdàgbàsókè ìlú Èkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín ìlú, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà dára. Àmọ́ ẹni tó ń tajà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí oníbàárà rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ ló di tirẹ̀, ọ̀pọ̀ sì padà lọ yá yàrá lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti lé wọn. Ní Máróko, àdúgbò mìíràn l'Ékòó, ní oṣù keje 1990, ilé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n wó, ọ̀pọ̀ wọn ò sì rí ibi kankan gbà.

Bí káńsù bá ní kí ẹ sọ̀rọ̀ lórí ilé tó yẹ ní wíwó, nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ṣáájú: iye ènìyàn tó wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe kà á, àwọn ayálégbé pẹ̀lú, kì í ṣe àwọn onílé nìkan, ìwé onímọ̀ ẹ̀rọ tó sọ ohun tó ń ṣe ilé náà, ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ àti bó ṣe jìnnà sí iṣẹ́ wọn tó, àti ọjọ́, ní kíkọ. Títí gbogbo rẹ̀ á fi wà, kí ìgbìmọ̀ má fọwọ́ sí nǹkan kan.

Àbá mẹ́ta, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ

Àkọ́kọ́ tí a kọ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Kò sẹ́ni tó kà á. Nígbà kejì, a mú mẹ́ta: ọ̀kan tí káńsù lè fi owó ara rẹ̀ ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀kan tí aṣòfin wa á gbé lọ sí ìpínlẹ̀, ọ̀kan tí àwa fúnra wa á ṣe láì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ti káńsù ni nọ́ńbà ilé. Ó jọ nǹkan kékeré. Àmọ́ ilé tí kò ní nọ́ńbà, kò sí bí ayálégbé ibẹ̀ ṣe lè kọ àdírẹ́sì sórí ìwé ẹjọ́, iléeṣẹ́ panápaná ò mọ ọ̀nà ibẹ̀, banki sì máa ń dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà. Ti ìpínlẹ̀ ni pé kí iye tí éjẹ́ńtì àti lọ́yà lè gbà wà lójú ewé kan náà tí wọ́n ti kọ owó ilé. Tiwa ni fọ́ọ̀mù agírímẹ́ǹtì kan ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé méjì, tí onílé àti ayálégbé jọ fẹnu kò sí, tí ẹnikẹ́ni lè wá gbà ní owó fọ́tókọ́pì. Ó gbà wá ní ìpàdé mẹ́ta. Orí bóyá ayálégbé lè kan ìṣó mọ́ ògiri nìkan la ti lo ìrọ̀lẹ́ odidi kan.

Lábẹ́ àbá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tó máa parí, iye tó máa ná, àti ohun tí èèyàn máa fojú rí bó bá ti ṣẹ. Bí ẹ ò bá lè kọ ti ìkẹyìn yẹn, ẹ yọ àbá náà.

Gbígbé e dé káńsù

Ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ gbé e padà sílé. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ ò mú un wá nìyẹn. Ẹ má rán akọ̀wé nìkan. Onílé kan àti ayálégbé kan ni kó jọ wọlé, kí ayálégbé sì sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bó bá pé oṣù kan tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ̀wé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, ẹ bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ọjọ́ méje ni òfin fún ọ́fíìsì ìjọba láti dáhùn. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà kan ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe Àbújá nìkan. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ ọ́. Ẹni tó ń gba lẹ́tà ní ọ́fíìsì yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ìjà yín.

Ọ̀rọ̀ owó ò gùn: kí ìwé ìnáwó wà ní gbangba, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé tà.

Ó ku ìwé tí ẹ fi ka ilé. Àpótí onígi lábẹ́ ibùsùn mi ni tiwa wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà, gọ́tà iwájú ilé kún, omi wọlé, ó gun àpótí náà dé ìdajì. Tíńtà òpópónà méjì ṣàn pọ̀ di búlúù, a sì ní láti padà lọ kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti gbogbo rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá kọ ọ́, ẹ wé ìwé náà sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ̀dà kejì sì wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé.